Ẹ Di Okùn Náà Mú: Bí Ìjọ Kékeré Ṣe Lè Gbọ́ Bùkátà Míṣọ́nnárì Nílé àti Nílẹ̀ Òkèèrè

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí ìjọ wa rán tọkọtaya kan lọ sí abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Niger ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé ọmọ wọn ti jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà nítorí owó ilé ẹ̀kọ́. Kì í ṣe pé ìjọ kò lówó. Láàárín oṣù yẹn gan-an la ra àga tuntun fún ẹgbẹ́ akọrin. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé akápò rìnrìn àjò, ẹni kejì tó yẹ kó fọwọ́ sí ìwé báńkì ń ṣàìsàn, oṣù kan di méjì, méjì di mẹ́rin, kò sì sẹ́ni tó tẹ̀ wọ́n láago láti béèrè bóyá owó dé. Àwọn náà kò pè wá. Ojú máa ń ti míṣọ́nnárì láti béèrè owó. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ míṣọ́n nígbà náà, ọjọ́ tí mo sì gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, oúnjẹ alẹ́ kò gba ọ̀fun mi kọjá.

Láti ìgbà náà la ti tún gbogbo ètò wa tò. Ìlànà tí à ń tẹ̀ lé ni mo kọ sísàlẹ̀ yìí, mo sì kọ ọ́ fún ìjọ tí kò tóbi, irú èyí tí ọgọ́rùn-ún ènìyàn ń jọ́sìn níbẹ̀, tí ó ń rò pé iṣẹ́ míṣọ́n kò sí fún òun. Kókó ibẹ̀ ni pé owó kékeré tó ń dé lóṣooṣù, lọ́jọ́ tó yẹ kó dé, ń gbé míṣọ́nnárì ró ju owó ńlá tí à ń dá fún un lẹ́ẹ̀kan lọ́dún nígbà ìkórè.

Àwọn tó ń gbẹ́ kànga mọ ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ kò rí ojú àwọn tó wà lókè. Okùn ló fi ń mọ̀ pé wọn kò tíì lọ. Nígbà tí William Carey, míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, fẹ́ lọ sí Índíà ní 1793, bí ẹni ń sọ̀kalẹ̀ sínú kòtò jíjìn ni ọ̀rọ̀ náà rí lójú òun àti Andrew Fuller ọ̀rẹ́ rẹ̀: Carey yóò sọ̀kalẹ̀, àwọn tó kù nílé yóò di okùn mú. Àwa Yorùbá gan-an, irú okùn bẹ́ẹ̀ ló gbé ìhìnrere dé ọ̀dọ̀ wa. Nígbà tí Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta ní oṣù kìíní 1843, tí Thomas Bowen ti àwọn Onítẹ̀bọmi gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní 1850, àwọn tí kò mọ ibi tí Abẹ́òkúta wà, tí wọn kò sì ní fojú kàn án láéláé, ni wọ́n ń dá owó tí wọ́n fi ń jẹun.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan àwọn tí yóò máa bójú tó iṣẹ́ náà

Ẹ má fi í lé pásítọ̀ nìkan lọ́wọ́. Bí wọ́n bá gbé pásítọ̀ lọ sí ìjọ mìíràn, iṣẹ́ tó bá wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo yóò bá a lọ. Ènìyàn márùn-ún tó. Kí méjì ó kéré tán jẹ́ obìnrin, nítorí kò sí bí ìyàwó míṣọ́nnárì ṣe máa sọ fún díákónì ọkùnrin lórí fóònù pé òun kò rówó ra páàdì. Kí ọ̀dọ́ kan tó mọ fóònù lò dáadáa wà níbẹ̀. Kí ẹnì kan wà tó mọ ìṣírò, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ ọ̀kan lára àwọn tó ń ka owó ọrẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Bí ẹ bá sì lè rí ẹni tó ti gbé ní Àríwá tàbí ní ìlú òkèèrè rí, ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín: sójà tó ti fẹ̀yìn tì, ẹni tó ṣe àgùnbánirọ̀ ní Kebbi, obìnrin oníṣòwò tó ń ná ọjà Malanville ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Ohun tí irú àwọn bẹ́ẹ̀ fojú rí, ìwé kò lè kọ́ wa.

Kí wọ́n máa pàdé lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún wákàtí kan péré. Ìbéèrè mẹ́ta ni kí wọ́n dáhùn kí wọ́n tó túká. Ṣé owó ti dé ọwọ́ wọn? Ta ló bá wọn sọ̀rọ̀ lóṣù yìí, kí ni wọ́n sì sọ? Kí ló ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, bí ìbímọ, owó ilé, ìdánwò ọmọ, tàbí ìrìn àjò? Kí akọ̀wé kọ ìdáhùn sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ yan ẹni tí ẹ ó máa tọ́jú

Ẹni méjì ti tó fún ìjọ kékeré láti fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀kan nílé, ọ̀kan nílẹ̀ òkèèrè. Mo mọ ìjọ kan tó ń fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún náírà ránṣẹ́ sí míṣọ́nnárì mẹ́rìnlá lóṣooṣù. Orúkọ wọn kún pátákó tó wà lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ìjọ náà, n kò rí ẹnì kan tó lè sọ fún mi ibi tí mẹ́ta nínú wọn ń gbé. Kò sí èyí tí ₦5,000 tó gbọ́ bùkátà rẹ̀ nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá.

Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “nílé” àti “òkèèrè” tàn yín jẹ. Kétu àti Sakété wà ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, ṣùgbọ́n èdè Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ bá dé ọ̀dọ̀ wọn, kò ní pẹ́ tí yóò fi bá wọn dọ́gba ní ẹnu. Ṣùgbọ́n bí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ yẹn bá lọ sáàárín àwọn Kambari ní ìpínlẹ̀ Kebbi tàbí Niger, Nàìjíríà ló ṣì wà, síbẹ̀ èdè yàtọ̀, oúnjẹ yàtọ̀, Haúsá tó bá kọ́ lọ gan-an kò ní tó o lò nínú ilé àwọn àgbààgbà. Ẹni tó wà “nílé” lè nílò ọdún púpọ̀ ju ẹni tó sọdá ààlà lọ. Ohun tí iṣẹ́ náà gbà ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Ẹ gba ọwọ́ ẹgbẹ́ tó ń rán míṣọ́nnárì lọ. Nigerian Baptist Convention ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀ fún iṣẹ́ yìí. Ìjọ ECWA ní EMS (Evangelical Missionary Society), ẹgbẹ́ míṣọ́n tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948, tí àwọn ọmọ Nàìjíríà fúnra wọn ti ń tipasẹ̀ rẹ̀ lọ sí ìlú àti abúlé tipẹ́tipẹ́. CAPRO, ẹgbẹ́ míṣọ́n mìíràn, bẹ̀rẹ̀ ní 1975, kò sì so mọ́ ìjọ kan. Láti 1982 ni NEMA (Nigeria Evangelical Missions Association) ti kó ọ̀pọ̀ irú àwọn ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ jọ sábẹ́ òrùlé kan. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn ni pé ẹgbẹ́ ló ń kọ́ míṣọ́nnárì kó tó lọ, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu iṣẹ́, òun ni yóò sì yọ ọ́ jáde bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó bá kàn fi àwòrán àwọn ọmọ tí ebi ń pa ránṣẹ́ sórí WhatsApp pẹ̀lú nọ́ńbà àkáǹtì, ẹ gbàdúrà fún un, kí ẹ sì béèrè ẹni tó rán an.

Ìbéèrè tó yẹ kí ẹ bi ẹgbẹ́ náà kò pọ̀: Ta ni míṣọ́nnárì yìí ń jíhìn fún? Èdè wo ló ń kọ́, ibo ló sì bá a dé? Àwọn ìjọ mìíràn wo ló ń ràn án lọ́wọ́, èló ni wọ́n sì ń mú wá? Nínú owó tí a bá san, èló ni ọ́fíìsì yín ń yọ kí ìyókù tó dé ọwọ́ rẹ̀? Ẹgbẹ́ tó mọ́ kò ní bínú sí ìbéèrè ìkẹyìn yìí, torí ọ́fíìsì náà nílò iná àti òṣìṣẹ́, kò sì burú bí ó bá yọ díẹ̀. Kí ẹ ṣáà mọ iye rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ bá wọn jókòó, kí ẹ ṣírò ohun tí ìgbé ayé wọn ń ná wọn

Ibí ni ọ̀pọ̀ ìjọ ti ń kọsẹ̀. A ó jókòó nínú ìpàdé díákónì, ẹnì kan á ní “ẹ jẹ́ ká máa fún un ní ẹgbàá mẹ́wàá,” gbogbo wa á ní “Àmín,” láìmọ̀ bóyá ẹgbàá mẹ́wàá yóò gbé e dé ìparí ọ̀sẹ̀ kejì.

Ẹ pe tọkọtaya náà jókòó, àwọn méjèèjì o, kì í ṣe ọkọ nìkan, kí ẹ sì mú bírò àti ìwé. Ẹ kọ owó ilé, oúnjẹ, omi, epo tàbí sólà, owó ọkọ̀, owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ, oògùn, aṣọ, détà. Ẹ kọ ohun tí iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ń ná wọn sí ọ̀tọ̀: epo ọ̀kadà, Bíbélì, owó olùkọ́ èdè, oúnjẹ àlejò. Ọ̀rọ̀ àlejò yìí kì í ṣe kékeré. Ní ọ̀pọ̀ abúlé tí míṣọ́nnárì ń gbé, ilé rẹ̀ ni aláìsàn ń sùn kó tó rí ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ilé rẹ̀ ni ọmọ tí wọ́n lé kúrò nílé nítorí ó di onígbàgbọ́ ń sá wá. Bí ẹ kò bá ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn, inú ìkòkò ọbẹ̀ àwọn ọmọ rẹ̀ ni owó náà yóò ti jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ ohun tí wọn kò ní dárúkọ. Owó ìfẹ̀yìntì: míṣọ́nnárì náà ń darúgbó. Owó láti wá sílé bí bàbá tàbí ìyá bá kú. Owó ìtọ́jú aláìsàn. Nǹkan ìfẹ́ díẹ̀ fún àwọn òbí tí wọ́n fi sílẹ̀, nítorí ọmọ Yorùbá tí kò lè fi nǹkankan ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀ ní Kérésìmesì, ọkàn rẹ̀ kò lè balẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ kankan.

Bí ẹ bá ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ pín in. Kò di dandan kí ìjọ kan gbé gbogbo ẹrù. Ìjọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè gbé e, kí olúkúlùkù mọ ìpín tirẹ̀, kí ẹ sì jọ kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti iye tó kéré jù, èrò tèmi rèé: láti 2024 ni ìjọba ti fi owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jù sí ₦70,000. Ó burú lójú mi kí ẹni tí a fi sílẹ̀ pẹ̀lú orin àti omijé lọ sí ojú ọ̀nà Olúwa máa gba ohun tí kò tó ti ẹni tí ìjọba ń fún ní owó tó kéré jù.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ dá owó náà jọ láìni ẹnikẹ́ni lára

Ẹ jẹ́ ká fi ìjọ kan ṣàpẹẹrẹ, ìjọ tí àgbà 100 wà níbẹ̀. Ká ní 70 nínú wọn ṣèlérí ₦1,000 lóṣù, tí ìdílé mẹ́wàá tí ọwọ́ wọn gùn díẹ̀ ṣèlérí ₦5,000. ₦120,000 nìyẹn lóṣù, ₦1,440,000 lọ́dún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò yín bóyá ọrẹ ìkórè fún iṣẹ́ míṣọ́n ti tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ohun tí a ń ṣe ni pé ní oṣù kọkànlá, a máa ń pín káàdì ìlérí. Orúkọ kò sí níwájú rẹ̀. Iye tí ẹni náà rò pé Ọlọ́run yóò ràn òun lọ́wọ́ láti mú wá lóṣooṣù ló wà níbẹ̀, nọ́ńbà sì wà lẹ́yìn rẹ̀ kí akápò lè ṣe ìwé. A kì í pe ìlérí ẹnikẹ́ni ní gbangba. A kì í sì yọ owó míṣọ́n lára ìdámẹ́wàá àwọn ènìyàn. Èyí yàtọ̀ sí ìyẹn. Ọjọ́ Ìsinmi kejì nínú oṣù ni ọrẹ míṣọ́n, nítorí ìgbà yẹn ni owó oṣù ṣì kù lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ìsinmi ní kóló tiwọn. Owó inú kóló kì í pọ̀, ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́jọ tó ti ń fi náírà mẹ́wàá mẹ́wàá sínú kóló fún ọmọ míṣọ́nnárì kan tó mọ orúkọ rẹ̀ kò ní nílò ìwàásù kankan lórí ọ̀rọ̀ yìí bó bá dàgbà.

Ẹ rántí àwọn àgbẹ̀. Àgbẹ̀ kò ní owó oṣù. Lágbègbè tiwa, ìgbà kajú ni owó ń wọlé fún ọ̀pọ̀ wọn, láàárín oṣù kejì sí oṣù kẹrin. Ẹ jẹ́ kí àwọn yẹn san ìlérí ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà nígbà yẹn, kí ẹ fi í pamọ́, kí ẹ máa yọ ọ́ lóṣooṣù. Àgbẹ̀ mìíràn yóò mú iṣu wá tàbí àpò gààrí kan. Ẹ gbà á, ẹ tà á nínú ìjọ, ẹ kọ iye rẹ̀ sórí káàdì rẹ̀.

Fún àwọn ìjọ Yorùbá tó wà ní Bìrìtéènì: bí ìjọ yín bá ti forúkọ sílẹ̀ fún Gift Aid, tí ẹni tó ń san owó orí bá fọwọ́ sí ìwé rẹ̀, ìjọba yóò fi 25p kún £1 kọ̀ọ̀kan tó bá fi tọrẹ. Ẹ má fi í sílẹ̀.

Àkáǹtì ọ̀tọ̀ ni kí owó yìí máa wọ̀, kí ẹni méjì máa fọwọ́ sí i, kí ẹ sì yan ẹnì kẹta tó lè rọ́pò ọ̀kan nínú wọn. Ẹnì kẹta yẹn ni a kò ní nígbà tí ọmọ yẹn fi jókòó sílé. Bí òrùlé ilé ìjọsìn bá ń jò, ẹ wá owó òrùlé síbòmíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi owó ránṣẹ́ lọ́jọ́ kan náà lóṣooṣù

Ẹ mú ọjọ́ kan. Tiwa ni ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Bí ó bá bọ́ sí òpin ọ̀sẹ̀, a ó fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú rẹ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yóò tẹ míṣọ́nnárì láago láti béèrè bóyá ó ti rí álẹ́ẹ̀tì.

Fún ti ilé, ẹ bi í léèrè bó ṣe ń gba owó náà jáde. Ní abúlé tí kò sí báńkì, oní-POS yóò yọ owó tirẹ̀, ọ̀kadà tó gbé e dé ọ̀dọ̀ oní-POS yóò sì gba tirẹ̀. Ẹ fi iye yẹn kún un.

Ti òkèèrè le díẹ̀. Ní oṣù kẹfà 2023, nígbà tí ìjọba jẹ́ kí ọjà máa dá iye náírà sọ, dọ́là kan kò tíì tó ₦500 ní báńkì. Kí oṣù kejì 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,400. Ẹni tí ìjọ ń fi ₦60,000 ránṣẹ́ sí ní Kútọnu ṣì ń gba ₦60,000 náà, ṣùgbọ́n ohun tó lè rà níbẹ̀ ti sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀. Owó CFA tí wọ́n ń ná ní Bẹ̀nẹ̀, Tógò, Niger àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà so mọ́ yúrò: 655.957 CFA ni yúrò kan, kì í yẹ̀. Nítorí náà, bí míṣọ́nnárì yín bá wà níbẹ̀, CFA ni kí ẹ fi ṣe àdéhùn. Kí ìgbìmọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí ẹ sọ fún ìjọ bí náírà bá já. Àwọn ènìyàn yóò gbọ́. Ọjà tí wọ́n ń ná lójoojúmọ́ ti kọ́ wọn.

Ẹ tún ní owó oṣù mẹ́ta nípamọ́ ní ibi tí míṣọ́nnárì lè tètè mú un. Lẹ́yìn tí àwọn ológun gba ìjọba ní Niger ní oṣù keje 2023, ECOWAS fòfin de ìdúnàádúrà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè náà, Nàìjíríà sì ti ààlà. Ó di oṣù kejì àti oṣù kẹta 2024 kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Oṣù méje àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹni tí kò ní nǹkankan nílẹ̀ lọ́jọ́ tí ìròyìn yẹn jáde, àdúrà tó gbà lóṣù yẹn kò ṣẹ̀yìn ebi.

Ẹ gba báńkì, tàbí iléeṣẹ́ tó ní ìwé àṣẹ láti fowó ránṣẹ́, tàbí àkáǹtì ẹgbẹ́ tó rán an lọ. Ẹ má kó owó sínú báàgì fún ẹni tó ń lọ. Ní ibi tí wọn kò ti fẹ́ràn ìwàásù, ẹ má kọ “owó míṣọ́nnárì” síbi àlàyé owó náà. Ẹ kọ “ìrànlọ́wọ́ ìdílé,” nítorí ìdílé yín ni lóòótọ́. Ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n má gbé àwòrán irú míṣọ́nnárì bẹ́ẹ̀ tàbí ti àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàgbọ́ sórí Facebook. Àwòrán kan lè mú kí wọ́n lé e kúrò nílùú, ó sì lè mú kí wọ́n na àwọn tó kù.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ wà níbẹ̀

Nínú Fílípì 4, Pọ́ọ̀lù dúpẹ́ pé nígbà tí òun kúrò ní Makedóníà, kò sí ìjọ kan tó bá òun lọ́wọ́ nínú gbígbà àti fífúnni bí kò ṣe àwọn ará Fílípì. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí wọ́n fi kún owó náà: wọ́n rán ènìyàn, Ẹpafíródítù, tó ṣàìsàn débi ikú lẹ́nu iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, ẹ pín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin oṣù láàárín ẹgbẹ́ tó wà nínú ìjọ. Ẹgbẹ́ ìyá a pe ìyàwó míṣọ́nnárì, ẹgbẹ́ ọkùnrin a pe ọkọ, ọ̀dọ́ a kọ̀wé sí àwọn ọmọ, pásítọ̀ a bá wọn gbàdúrà lórí fóònù ní ọ̀sẹ̀ kẹrin. Ìpè tí kò ní béèrè “ọkàn mélòó lẹ ti jèrè?” ni o. Ẹ bi wọ́n léèrè bóyá òjò rọ̀, bóyá ibà ọmọ ti lọ, bóyá wọ́n rí ẹja rà. Ẹ kọ ọjọ́ ìbí gbogbo wọn sórí kàlẹ́ńdà.

Ìyàwó ni a máa ń gbàgbé jù. Ọkọ ní orúkọ lórí pátákó, òun ni a ń pè sórí àga ìwàásù. Ìyàwó ló ń pọn omi, tó ń kọ́ ọmọ ní ìwé, tó ń gba àwọn obìnrin abúlé lálejò ní èdè tí kò tíì yé e tán. Bí ẹ bá fẹ́ fi ẹrù ránṣẹ́, òun ni kí ẹ bi. Ohun tí tiwa máa ń béèrè ni irú gbígbẹ, ẹ̀gúsí tí a ti lọ̀, àti èlùbọ́. Ìgbà kan tí a dì í sí i, ó sọ fún ìyá kan nínú wa pé òun sunkún nígbà tí òórùn irú yẹn jáde láti inú páálí.

Àdúrà nílò orúkọ pẹ̀lú. “Olúwa, rántí àwọn míṣọ́nnárì káàkiri àgbáyé” dára, ṣùgbọ́n ní Ọjọ́rú, níbi ìpàdé àdúrà, kí akọ̀wé ka ohun mẹ́ta tí wọ́n béèrè fún lọ́sẹ̀ náà. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí ó sọ èyí tó ti rí ìdáhùn àti èyí tí kò tíì rí.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ múra sílẹ̀ de ọjọ́ ìṣòro

Ní 1853 ni David àti Anna Hinderer, tọkọtaya míṣọ́nnárì, wá gbé ní Kúdẹtì, Ìbàdàn. Nígbà tí ogun Ìjàyè bẹ̀rẹ̀ ní 1860, ọ̀nà tó lọ sí etí òkun dí. Owó àti ẹrù tí wọ́n fi ń ránṣẹ́ sí wọn kò dé mọ́, ebi pa wọ́n, wọ́n ń ta ẹrù ilé wọn ẹyọ kọ̀ọ̀kan kí wọ́n lè bọ́ àwọn ọmọ tó wà lọ́dọ̀ wọn. Àwọn tó rán wọn kò fi wọ́n sílẹ̀. Ọ̀nà ló dí. Ó yẹ kí ìjọ tó ń rán ènìyàn lónìí jókòó bi ara rẹ̀ pé: bí ọ̀nà bá dí lọ́la, kí ni a ó ṣe?

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ tó rán wọn. Ta ni yóò pinnu pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀? Ọ̀nà wo ni wọ́n ó gbà? Ọ̀dọ̀ ta ni wọ́n ó kọ́kọ́ dé? Owó ọkọ̀ wà lọ́wọ́ ta? Ẹ forúkọ wọn sílẹ̀ fún adójútòfò ìlera, kí ẹ sì mọ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ wọn tó lè ṣiṣẹ́ abẹ. Fún ẹni tó wà lókèèrè, kí ìgbìmọ̀ ní ẹ̀dà ìwé ìrìnnà wọn, káàdì abẹ́rẹ́ ibà pọ́njúpọ́njú wọn, àti ọjọ́ tí ìwé ìgbélùú wọn yóò parí. Ọmọ orílẹ̀-èdè ECOWAS lè gbé ní orílẹ̀-èdè mìíràn nínú ẹgbẹ́ náà fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwé ìgbélùú di dandan, owó rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìṣirò yín. Mali, Burkina Faso àti Niger ti jáde kúrò nínú ECOWAS ní oṣù kìíní 2025, nítorí náà ẹ béèrè òfin tuntun kí ẹnikẹ́ni tó di ẹrù.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ lọ wò wọ́n

Ẹni méjì tàbí mẹ́ta, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì, ọjọ́ márùn-ún. Ẹ gbé oúnjẹ yín lọ, kí ẹ má lọ jẹ ti wọn. Ẹ béèrè lọ́wọ́ wọn ìgbà tó rọrùn, àti bóyá ààbò wà lójú ọ̀nà, kí ẹ sì gba ohun tí wọ́n bá sọ. Ẹ má kó ẹ̀wù ìjọ tí a kọ orúkọ sí lọ. Ẹ jókòó tì wọ́n, ẹ bá wọn lọ sí oko àti ọjà, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ lédè Yorùbá títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀pọ̀ wọn ti pẹ́ tí wọ́n ti rí ẹni bá sọ ọ́.

Bí ẹ bá dé, ẹ jíhìn fún ìjọ, kí akápò náà sì ka owó tó wọlé àti èyí tó jáde lẹ́ẹ̀mẹ́rin lọ́dún, kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó. Iye tó kù, ẹ kà á pẹ̀lú.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Ẹ gbà wọ́n sílé bó ti yẹ

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, wọ́n máa ń wá sílé fún ìsinmi. Ohun tí a máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ ni pé a ó ti to ìjọ méje sílẹ̀ fún un láti wàásù níbẹ̀ kí ọkọ̀ rẹ̀ tó dúró. Ó rẹ̀ wọ́n ju bí wọ́n ṣe lọ, wọ́n sì padà bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, oṣù kan àkọ́kọ́ tí wọ́n bá fi wà nílé jẹ́ tiwọn. Ìjọ a wá yàrá méjì kan tàbí ilé ọmọ ìjọ tí kò sẹ́ni nínú rẹ̀, a ó san owó iná, a ó mú wọn lọ sí ilé ìwòsàn fún àyẹ̀wò ara, eyín àti ojú. Bí ọmọ wọn bá ń ka Faransé tàbí Haúsá nílé ẹ̀kọ́ ibẹ̀, a ó wá olùkọ́ tí kò ní jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni a máa ń pè wọ́n láti jẹ́rìí, ní ìjọ tiwa nìkan, tọkọtaya sì máa ń dúró pọ̀ láti sọ̀rọ̀. Owó oṣù wọn kì í dúró ní gbogbo ìgbà yẹn. Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ṣì ni.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ń bọ̀, àwọn ìyá á ti gbá ilé, wọ́n á ti pọn omi sí garawa, ẹ̀fọ́ rírò á wà lórí iná. Ẹnì kan á dúró ní gáréèjì pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́, á gba ẹrù lórí wọn, á sì mú wọn lọ sílé, láìsí kámẹ́rà, láìsí ìkíni gígùn, kí wọ́n wẹ̀, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n sùn.